Ọdẹ Tó Ṣí Ewé Lórí Àgbọ̀nrín

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí oorun ti ń kun àwọn kan nínú yín ni? Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín.

Ààlọ̀ o!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ààlọ́ mi gba ọ̀nà oko, ó yà sínú igbó, ó tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ ẹran títí, ó wá fàbọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́níyì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ààlọ́ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Orin wà nínú rẹ̀, bí mo bá sì ti ń lé e, ègbè yín ni "Ewé ń wò ọ́." Ẹ gbè é kí n gbọ́.

Ewé ń wò ọ́!

Ẹ káre. Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-Igbó. Ọdẹ ni gbogbo ọkùnrin ibẹ̀. Baba jẹ́ ọdẹ, ọmọ jẹ́ ọdẹ, àna jẹ́ ọdẹ. Bí wọ́n bá kí ara wọn láàárọ̀ tán, wọn á bi ara wọn léèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Akínbọ̀dé. Ọrun àti ọfà ni tirẹ̀. Bí Akínbọ̀dé bá fẹ́ lọ dọdẹ àgbọ̀nrín, kò ní fi ọṣẹ wẹ̀, kò ní jẹ ohun olóòórùn. Tó bá dé inú igbó, á bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ díẹ̀, á jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e lọ sí ìdí igi tí ẹran ti ń jẹun, á yí gba ẹ̀yìn, á wá ibi tí òórùn ara rẹ̀ kò ti ní dé ọ̀dọ̀ ẹran. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, nítòsí igi ìyeyè tí èso rẹ̀ ń já bọ́. Àgbọ̀nrín á yọ. Kò ní ta. Àgbọ̀nrín á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Kò ní ta. Àgbọ̀nrín á yí ìhà sí i, á tẹ orí ba láti ṣa èso. Ìgbà náà ni yóò ta.

Tó bá sì ta á tán, kò ní lé e. Oró wà lẹ́nu ọfà rẹ̀, oró náà ló ń ṣe ìyókù. Bí o bá ń sáré tẹ̀ lé ẹran tí ọfà bà, yóò sá títí yóò fi kú síbi tí o kò ní rí i. Bí o bá jókòó jẹ́jẹ́, yóò dùbúlẹ̀ nítòsí.

Ẹran tí ọfà olóró bá pa, wọn kì í kàn sè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta á ni yóò mú ọ̀bẹ, tí yóò gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ náà ká, ní fífẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí yóò rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ajá àti adìẹ kò ti ní rí i. Ìyókù ló di jíjẹ. Gbogbo ará Ẹsẹ̀-Igbó ló mọ èyí, títí kan àwọn tí kò fọwọ́ kan ọrun rí.

Wọ́n tún ní òfin kan. Bí ọdẹ bá pa ẹran tó tóbi ju ohun tó lè dá gbé lọ, á já ewé tútù, á fi bò ó, á wá lọ pe àwọn tí yóò bá a rù ú. Ẹni tó bá rí ewé náà, kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò sí olùṣọ́ níbẹ̀, kò sí okùn, ewé náà tó. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìlú yẹn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí ewé ẹnikẹ́ni rí.

Akínbọ̀dé yìí ló kọ́ Ọdẹ́níyì níṣẹ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di òwú pupa mọ́ ìdí ọfà kó má bàa sọnù nínú koríko. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ìjókòó yẹn gan-an ni kò bá Ọdẹ́níyì lára mu. Nígbà tí àwọn oníṣòwò gbé ìbọn ṣakabùlà dé agbègbè náà, òun ló kọ́kọ́ ní ọ̀kan. Ó gbé ọrun rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ó ní ta ló tún fẹ́ máa jókòó sídìí igi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà tí iná wà lọ́wọ́ òun. Akínbọ̀dé kò bá a jà. Ó sọ fún un pé ìbọn dára, kó má ṣáà gbàgbé afẹ́fẹ́.

Ọmọkùnrin yìí gbàgbé afẹ́fẹ́. Ìbọn yẹn ń rùn, ẹ̀tù rẹ̀ ń rùn, ẹni tó gbé e náà ń rùn. Ọdẹ́níyì kò tíì wọ igbó dáadáa tí àgbọ̀nrín á ti gbóòórùn rẹ̀, á gbó lẹ́ẹ̀kan bí ajá, á sì fò lọ. Ó yìnbọn lu igi. Ó yìnbọn lu ebè. Ó yìnbọn lu ihò òkété. Àwọn ará ìlú wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ariwo ni ìbọn Ọdẹ́níyì mọ̀, kò mọ ẹran. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín lójúde, ṣùgbọ́n tó bá délé, kò ní lè jẹun.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ló wà tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, fi bímọ. Ọmọkùnrin ni, àkọ́bí ni. Wọ́n ti retí rẹ̀ títí, ẹnu ìyá Ọdẹ́níyì ti bó lórí àdúrà.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ àkọ́bí ọdẹ lórúkọ ní Ẹsẹ̀-Igbó. Àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ń ṣe é, baba ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ pa á. Wọ́n á sè é láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, ẹni tó ń sè é gan-an kò gbọdọ̀ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Àgbà ọdẹ ìlú ni yóò ti ìka bọ omi ẹran náà, yóò fi kan ahọ́n ọmọ, kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Kó tó fi kàn án, yóò bi baba ọmọ léèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, ta ló pa ẹran yìí? Baba yóò dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé, èmi ni. Ìgbà yẹn ni ọmọ di ọmọ ọdẹ.

Ẹni tí kò bá rí àgbọ̀nrín pa ńkọ́? Wọ́n á fi iyọ̀ àti omi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyẹn fún Ọdẹ́níyì. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ti ń fi ìbọn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ṣé ó máa wá jẹ́ kí wọ́n fi iyọ̀ lásán sọ àkọ́bí òun lórúkọ? Ó ní kò lè ṣẹlẹ̀.

Ó lọ sígbó, ó bọ̀ lófo. Ó tún lọ, ó tún bọ̀ lófo. Ó wá ku ọ̀la tí ìkómọ yóò wáyé, ó tún gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹran kan ṣoṣo kò sì dúró dè é. Ọ̀sán pọ́n, ó kọjú sílé, ìbọn léjìká, ó ń ronú ohun tí yóò sọ.

Lẹ́bàá odò kékeré kan ló ti rí ewé. Ewé tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Ìwo àgbọ̀nrín yọ síta lábẹ́ rẹ̀. Ọdẹ́níyì mọ ohun tó rí, kò sí pé kò mọ̀. Ó kọjá. Ó rìn síwájú díẹ̀. Ó dúró. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó padà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé náà. Akọ àgbọ̀nrín ni, ó sanra, ara rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọfà kan dúró sí ìhà rẹ̀, òwú pupa wà ní ìdí ọfà náà. Ẹni méjì péré ló ń di òwú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ẹsẹ̀-Igbó, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbé ọrun kọ́ ògiri. Bó ṣe ká ewé tó kẹ́yìn kúrò, àgbọ̀nrín yẹn la ẹnu. Òkú ni o. Ẹ má bi mí bí òkú ṣe ń kọrin, ààlọ́ ni mò ń pa. Ó ní:

Ọdẹ́níyì, má ṣí mi o,
*Ewé ń wò ọ́.*
Ta ló ta mí, ta ló bò mí?
*Ewé ń wò ọ́.*
Ó lọ pe ará, ó ń padà bọ̀,
*Ewé ń wò ọ́.*
Bò mí padà, kí o máa lọ,
*Ewé ń wò ọ́.*

Ó gbọ́ o. Ó gbọ́, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fa ọfà náà yọ, ó tì í bọ inú àpò ọdẹ rẹ̀. Ihò ọfà ṣì wà níbẹ̀, kékeré, yíyípo. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i yóò mọ̀ pé ọfà ni. Ọdẹ́níyì wá gbé ẹnu ìbọn lé ojú ihò náà gan-an, ó sì yìn ín. Ihò ọfà di ihò ìbọn. Ọta fọ́n ká inú ìhà ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò jáde, nítorí ẹran náà ti kú tẹ́lẹ̀. Ó da ewé sínú odò, ó gbé àgbọ̀nrín kọ́ èjìká. Ọ̀dọ́ ni, ó lágbára. Bó ṣe ń sọdá odò, àgbọ̀nrín tún lanu nídìí etí rẹ̀:

Ọdẹ́níyì, gbé mi rọra,
*Ewé ń wò ọ́.*
Ìbọn rẹ dún, ẹ̀jẹ̀ ò jáde,
*Ewé ń wò ọ́.*
Oró ń bẹ níhà, o fọ́n ọn ká,
*Ewé ń wò ọ́.*
Sọ̀ mí kalẹ̀, kò tíì pẹ́ jù,
*Ewé ń wò ọ́.*

Òótọ́ ni, kò tíì pẹ́ jù. Kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó jókòó dúró de Akínbọ̀dé, kó dọ̀bálẹ̀. Ó rò ó. Ó rí ara rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá yẹn, ó rí ẹnu àwọn ará ìlú. Ó yára kánkán lọ sílé.

Ìlú gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbóríyìn fún un. Ìyá rẹ̀ ń kì í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọmọ wo ohun tí baba rẹ̀ mú bọ̀. Ọdẹ́níyì kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀, kò lè wo ọmọ. Ó ní ó rẹ òun.

Nígbà tí wọ́n ń kun ẹran, ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọdẹ́níyì ní inú igbó ló dà sí. Ọ̀bẹ rẹ̀ dé ibi ìhà, ó rí i pé ẹran ibẹ̀ ti dúdú. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, Akínbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé dúró yí i ká. Kò sí ẹni tó ń gé ojú ọgbẹ́ ìbọn dànù. Bó bá gé e ní fífẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Ó gé díẹ̀, tó kéré ju owó ẹyọ lọ, ó jù ú sínú iná, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò tó. Òun náà mọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Akínbọ̀dé dé láti inú igbó pẹ̀lú àwọn ará oko tó lọ pè. Ọwọ́ gbogbo wọn ṣófo. Bàbá náà yà ní ilé Ọdẹ́níyì láti kí i kú oríire. Nígbà tó jókòó tán, ó sọ pé òun ta àgbọ̀nrín kan lẹ́bàá odò, òun fi ewé bò ó, òun padà débẹ̀, òun kò bá ẹran, òun kò bá ewé. Àwọn kan wo ara wọn. Ẹnìkan fi ẹ̀rín sínú. Kò sí ẹni tó sọ pé bóyá wọ́n jí i, nítorí wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí ní Ẹsẹ̀-Igbó. Ọdẹ́níyì ló fọhùn.

"Bàbá, bóyá kò tíì kú nígbà tí ẹ bò ó. Bóyá ó dìde lọ."

Háà! Ẹ wo ẹnu tó lọ sọ ọ́. Akínbọ̀dé ro ọ̀rọ̀ náà. Kò wá sọ́kàn rẹ̀ rárá pé èèyàn lè ṣí ewé. Ó rọrùn fún un láti gbà pé ojú òun ló ti bàjẹ́.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí. "Ojú mi kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́."

Ó wá sọ pé ẹni tí kò bá lè dá òkú ẹran mọ̀ yàtọ̀ sí ààyè, kò yẹ kó máa gbé oró kiri inú igbó, kó má lọ ta èèyàn lọ́jọ́ kan. Ó bọ́ ọrun rẹ̀ léjìká. Ọrun tó ti fi ń dọdẹ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń dì í mú ti dán. Ó nà án sí Ọdẹ́níyì. Ó ní ẹ̀bùn ìkómọ ni, kó bá òun fi pamọ́ fún ọmọ náà títí yóò fi dàgbà. Ọdẹ́níyì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ojú tì í débi pé kò lè sọ pé ẹ ṣé. Àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ará ìlú pé sí ojúde Ọdẹ́níyì. Ìyá rẹ̀ ti fi gbogbo ẹran sínú ìkòkò ńlá kan, ìhà àti itan, gbogbo rẹ̀, ó sì ti hó. Kò tọ́ ọ wò, bó ṣe jẹ́ àṣà. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ọdẹ́níyì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, àpò ọdẹ rẹ̀ wà ní ìbàdí rẹ̀, ọfà yẹn sì wà nínú rẹ̀. Ó ti fẹ́ jù ú nù ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, kò lè ṣe é.

Akínbọ̀dé fọ ọwọ́. Ó kọjú sí baba ọmọ.

"Ta ló pa ẹran yìí?"

"Èmi ni," ni Ọdẹ́níyì dáhùn.

Àwọn èèyàn ní ó káre. Ọdẹ́níyì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ni, ẹ̀kán kan kò lè ṣe nǹkan kan. Akínbọ̀dé bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ló pa ẹran yìí?"

"Èmi ni."

Ó yí ojú kúrò lára ọmọ. Ìyá rẹ̀ rò pé èéfín ni. Akínbọ̀dé ti ìka bọ inú omi ẹran, ó gbọ̀n ọ́n kó tutù, ó gbé e súnmọ́ ẹnu ọmọ. Ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀, ó la ẹnu, ó ń wá a kiri bó ṣe ń wá ọmú. Bàbá náà wá bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta pé ta ló pa ẹran yìí. Ìkòkò dá orin. Ọdẹ́níyì nìkan ló gbọ́ ọ. Ẹ gbe ègbè yìí dáadáa o, torí òun ló kẹ́yìn:

Ọdẹ́níyì, dá a lóhùn,
*Ewé ń wò ọ́.*
Omi mi yìí kò ṣe é lá,
*Ewé ń wò ọ́.*
Ọmọ rẹ lanu, kò mọ nǹkan,
*Ewé ń wò ọ́.*
Ìtìjú rẹ ni, àbí ọmọ rẹ?
*Ewé ń wò ọ́.*

Ọdẹ́níyì di ọwọ́ bàbá náà mú.

"Ẹ dúró, Bàbá. Kì í ṣe èmi."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fa ọfà yọ nínú àpò, ó gbé e sílẹ̀ níwájú bàbá náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ pé òun rí ewé, òun kọjá, òun padà. Ó sọ pé òun yìnbọn sí ojú ihò ọfà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ó sọ pé òun kò gé oró náà kúrò nítorí àwọn èèyàn ń wo òun. Ó sọ pé òun gbọ́ nígbà tí Bàbá ń sọ pé ojú àwọn ti bàjẹ́, òun sì gba ọrun lọ́wọ́ wọn.

Akínbọ̀dé kọ́kọ́ fi iyẹ̀pẹ̀ nu ìka rẹ̀. Ó nù ún, ó tún nù ún. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó mú ọfà náà, ó wo òwú pupa ìdí rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Àṣé ojú mi ríran," ni ó wí.

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ká ní ó bú Ọdẹ́níyì ni, ì bá sàn. Ká ní ó fi ọfà yẹn nà án, ì bá sàn. Ọdẹ́níyì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Kò sí ẹni tó bú u. Àwọn tó jókòó sún sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń kì í lánàá, fa ìborùn bo orí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé láti da ẹran náà sí. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò lọ, ẹ̀rún ẹran kan já bọ́. Adìẹ kan sáré dé, ó ṣa á jẹ. Kò tíì dé ìdí ògiri tó fi ṣubú, ó na ẹsẹ̀, kò sì dìde mọ́. Gbogbo wọn rí i. Àwẹ̀ró rí i. Ó di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lo dáhùn."

Ọdẹ́níyì dìde, ó lọ bá wọn bo kòtò náà.

Ọmọ kò ṣáà ní ṣàìní orúkọ. Wọ́n wá iyọ̀ wá, wọ́n wá omi wá. Akínbọ̀dé gba ọmọ náà sọ́wọ́, ó fi omi kan ahọ́n rẹ̀, ó fi iyọ̀ kàn án. Ó ní ewé tí òun já lẹ́bàá odò ni kò jẹ́ kí baba rẹ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta, ewé yẹn ló gba ọmọ lọ́wọ́ ikú. Ó ní kí wọ́n máa pe ọmọ náà ní Ewégbèmí. Àwọn èèyàn pè é. Àwẹ̀ró pè é. Nígbà tó kan baba ọmọ, òun náà pè é.

Ó gbé ọrun bàbá náà wá kó dá a padà. Akínbọ̀dé kò gbà á. Ó ní òun ti fún ọmọ, ọmọ kò sì ṣí ewé ẹnikẹ́ni. Ọrun àtijọ́ ti Ọdẹ́níyì fúnra rẹ̀, èyí tó ti wà lára ògiri, ni bàbá náà ní kó bá òun gbé wá, kí òun máa fi í dọdẹ. Ọdẹ́níyì gbé ìbọn kọ́ sí àyè ọrun náà. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún un.

Láti ìgbà náà, bí Akínbọ̀dé bá ń lọ sígbó, Ọdẹ́níyì ló ń tẹ̀ lé e láti máa bá a ru ẹran. Ó kọ́ láti jókòó. Bí bàbá náà bá ta ẹran ńlá, á já ewé bò ó, á sì sọ fún Ọdẹ́níyì pé kó dúró tì í kí òun lọ pe èèyàn. Kò ní kìlọ̀ fún un. Kò ní bojú wẹ̀yìn. Ọdẹ́níyì á dúró níbẹ̀ ti ewé náà, òun nìkan, ojú á máa tì í títí bàbá á fi dé.

Ewégbèmí sì ń dàgbà. Ọmọ dáadáa ni, ara rẹ̀ yá. Ojoojúmọ́ ni baba rẹ̀ ní láti pè é, pé kó wá jẹun, pé kó wá wẹ̀, pé kó wá sùn. "Ewégbèmí!" Ọmọ á dáhùn, á sáré wá, á gbójú sókè kó rí ojú baba rẹ̀. Baba rẹ̀ á ti máa wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbe orin fún mi, ẹ gbọ́ ohun tí ààlọ́ yìí ń kọ́ wa. Ẹ má ṣe mú ohun tí ẹlòmíràn bò sílẹ̀ torí pé kò sí níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ pé ojú nìkan ló máa tì yín. Ibi tí mo sọ ẹrù ààlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí. Mo ti fi ewé bò ó.